Ohùn Tí Wọ́n Ń Wá ní Ìlaro

Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, ọdún 2019

Wọ́n ti kó kọ̀ǹpútà Jẹ̀mílátù ọmọ mi lọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mẹ́ta ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ó fi ń fa Íńtánẹ́ẹ̀tì, àti àpótí tí ó ń kó mẹ́mọ̀rí fóònù àwọn oníbàárà sí. Agbófinró márùn-ún ni ó wá láti Abẹ́òkúta nínú ọkọ̀ funfun kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí ọjà ti kún. Wọn kò na ẹnikẹ́ni, wọn kò sì pariwo. Olórí wọn, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Túnbọ̀sún, ka ìwé àṣẹ rẹ̀ sí ọmọ mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀sùn náà ni pé ó ń jí fíìmù onífíìmù kọ, ó ń gbé e sí ojúlé rẹ̀ lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn, ó sì ń fi sọ́fúwíà tí a jí kọ sínú kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní òdìkejì ọ̀nà, tépù ìwọnṣọ wà lọ́rùn mi, mo sì rí gbogbo rẹ̀. N kò sọdá. Mo kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé n kò lè sọ ọ́ fún Hùmúàní aya mi: n kò sọdá.

Kí wọ́n tó lọ, ọ̀kan nínú wọn tẹ fíìmù kan lórí fóònù rẹ̀, ohùn mi sì jáde síta gbangba: “Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ̀dọ̀ Jẹ̀mí ni fíìmù yìí ti wá, ní ìlú Ìlaro. Bí ẹ bá gbà á níbòmíràn, ayédèrú ni o.”

Agbófinró náà ní, “Ta ni bàbá yìí?”

Jẹ̀mílátù ní, “N ò ní sọ.”

Kò sí ará ọjà tí ó nàka sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó wo ibẹ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Jẹ̀mílátù gbé fóònù síwájú mi nígbà tí mo ń ka bébà ìròyìn sí àwọn oníbàárà létí. Ó ní gbogbo àwọn tí ń ta fíìmù ní ẹ̀bá bọ́dà ni ó ní àmì tiwọn, òun náà fẹ́ ohùn tí ènìyàn kò ní gbàgbé. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe kí ó tó dùn mọ́ mi, èmi gan-an ni mo sì fi “ayédèrú” kún un. Mo mọ̀ pé fíìmù náà kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ̀, mo sì ń gbádùn kí wọ́n máa dá mi mọ̀ ní Aiyetoro àti ní Ìdí-Ìrókò bí mo bá ti la ẹnu.

Lónìí, bí a ṣe ń bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí, ẹnìkan lẹ́yìn mi fi ohùn bíi tèmi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ayédèrú ni o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò bojú wẹ̀yìn. Mo kírun, n kò mọ iye rákà tí mo kí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò láti òwúrọ̀. Kóńgò ìrẹsì ti di ẹgbẹ̀rin náírà láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà pa. Ẹ̀bà ni a jẹ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Cornelius, aládùúgbò wa tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ akẹ́rù, ni ó bá Jẹ̀mílátù lọ sí Abẹ́òkúta láti ṣe onídùúró fún un. Wọ́n gba béèlì rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò máa lọ fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀.

Cornelius kò tilẹ̀ tíì jókòó tán tí ó fi bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá Jẹ̀mí, wọ́n ní ẹni tó ni ohùn yẹn ni olórí gbogbo wọn. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ọmọbìnrin yìí kàn ń bá a jókòó síwájú ni. Ọ̀kan nínú wọn ní ó ṣeé ṣe kó ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí Kútọnu.”

“Cornelius, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ṣé mo purọ́ ni? Ọ̀gá pátápátá fún àwọn onífàyàwọ́ Íńtánẹ́ẹ̀tì! Ó wá ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ rán ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé!”

Hùmúàní rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Jẹ̀mílátù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Fàyàwọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ̀ mí lára. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ ẹnìkan ní bọ́dà ni mo máa ń sọ pé ó tọ́ sí i.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Jẹ̀mílátù ti Abẹ́òkúta dé. Ó ní kò sí wàhálà kankan. Kò jẹun.

Àlàmísì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Hùmúàní ti sọ ọ́ fún mi. Ó dúró di ìgbà tí ọmọ jáde kí ó tó sọ ọ́.

Wọ́n ti fún Jẹ̀mílátù ní ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tí ó dópin ní ọjọ́ kejìlá oṣù tí ń bọ̀. Bí kò bá sọ ẹni tí ó ni ohùn náà, òun nìkan ni wọn yóò gbé lọ sílé-ẹjọ́, òun ni yóò sì ru gbogbo ẹrù náà. Lọ́yà tí Cornelius bá wọn wá sọ pé ẹ̀wọ̀n lè wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹun.

“Ó ní kí n má sọ fún ẹ̀yin,” ni Hùmúàní wí. “Ó ní, ‘Màámi, ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ṣe máa ń ká Bàbá lára. Ẹ jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀.’”

Ọmọ mi mọ̀ mí. Ó mọ̀ mí dé ibi tí ó fi lè yan ẹ̀wọ̀n kí ẹnikẹ́ni má baà pe orúkọ mi ní ọjà. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti ìgbà náà, n kò rán nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá

Lukman àbúrò mi ti Ìdí-Ìrókò wá pẹ̀lú ọ̀kadà rẹ̀. Ó ti gbọ́, ó sì ti ṣètò.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Mo mọ ọ̀nà inú oko kan láti Ihunbo tí ṣọ́jà kankan ò dé. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, Jẹ̀mílátù ti wà ní Kútọnu, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń fi Faransé kí wọn ní bọ́ńjù.”

Jẹ̀mílátù ní, “Bàbá kékeré, ṣé àpò ìrẹsì ni mí ni?”

“Ó sàn kí o jẹ́ ìrẹsì. Ìrẹsì, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì jẹ ẹ́. Ìwọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe? Wọ́n á tì ọ́ mọ́lé ni!”

“Mo dúpẹ́. N ò lọ.”

“Wò ó, ọmọ yìí, ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ilé ọkọ.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sá, orí ta ni yóò já lé? Bàbá Cornelius fọwọ́ sí ìwé nítorí mi. Ilé yìí náà ni wọ́n máa tún padà wá. Mo ti jí fíìmù wọn kọ, n ò tún ní jí ara mi gbé.”

Lukman wá yíjú sí mi. “Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní kì í ṣe ẹ̀yin. Ohùn ò ní ojú. Àwọn bàbá arúgbó pọ̀ ní Yewa jàǹtìrẹrẹ.”

Jẹ̀mílátù ń wò mí. Mo mú abẹ́rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú rẹ̀ láti fi òwú bọ̀ ọ́. Òwú ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdáhùn tí ó yẹ kí n fún àbúrò mi ni ọmọ mi fún un. Mo fẹ́ kí ó wà nínú ìwé yìí pé ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, ó sì lọ bu omi fún un mu.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n ti dá gbígbé epo bẹntiróòlù lọ sí àwọn ìlú ẹ̀bá bọ́dà dúró. Lukman gbé ọ̀kadà rẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó jókòó tì í bí ẹni tí ń ṣọ́ aláìsàn. Owó ọkọ̀ sí Abẹ́òkúta ti fò sókè. Kò tún sọ̀rọ̀ ọ̀nà inú oko mọ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Maolúdì, ọjọ́ ìbí Ànábì. N kò jókòó ní sàfù iwájú, ìlà àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yìn ni mo wà, lẹ́bàá bàtà.

Ní ọ̀nà ilé, Sẹ̀kínát onígàárì pariwo láti ìdí ìsọ̀ rẹ̀ pé, “Bàbá télọ̀, ẹ ò ka bébà sí wa létí mọ́? Àbí wọ́n kó ohùn náà mọ́ kọ̀ǹpútà ni?” Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo kí i, mo kọjá.

Mo wọlé, mo jókòó, mo sì wò ó dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti ní ọgbọ́n ni mo ti ń ṣọ́ ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ nípa mi. Nítorí rẹ̀ ni n kò fi bá ẹnikẹ́ni jà rí, nítorí rẹ̀ ni n kò fi sọdá ọ̀nà ní ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù ọmọ mi. Wọ́n ti wá ń sọ ọ́ báyìí. Wọ́n ń sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí àti nídìí gàárì. Kí ni mo tún ń ṣọ́?

Ní Ìṣẹ́gun, èmi yóò bá a lọ. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo wọ agbádá aláwọ̀ ewé tí mo rán fún ara mi ní ọdún tí Jẹ̀mílátù jáde ìwé mẹ́wàá. Ó rò pé mo kàn fẹ́ sìn ín dé ibùdókọ̀ ni. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀, ó ní, “Bàbá, níbo?” Mo ní, “Abẹ́òkúta.” Ó di etí agbádá mi mú títí a fi dé.

Ọ̀gá Túnbọ̀sún ní kí n jókòó síta. Ó ní àwọn tí wọ́n bá sin ènìyàn wá kì í wọlé.

Mo ní, “Èmi ni ẹ ń wá.”

“Èmi ń wá yín, Bàbá? Fún kí ni?”

“Ohùn inú fíìmù náà. Èmi ni mo ni ín.”

Jẹ̀mílátù ní, “Bàbá, ẹ má ṣe báyìí.”

Ọ̀gá náà wò mí láti fìlà dé bàtà. Ó ní, “Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irọ́ gbà á sílẹ̀. Ẹni tí à ń wá, ọ̀gá ńlá ni.”

Inú bí mi. Ó yà mí lẹ́nu pé inú bí mi. Mo tún fìlà mi dé, mo dúró ṣánṣán, mo sì la ẹnu: “Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ̀dọ̀ Jẹ̀mí ni fíìmù yìí ti wá, ní ìlú Ìlaro. Bí ẹ bá gbà á níbòmíràn, ayédèrú ni o.”

Ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣí. Akọ̀wé kan yọrí jáde, ó ní, “Ta ló ń wo fíìmù lẹ́nu iṣẹ́ níbí?”

Ó wò mí, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó rọra fa orí rẹ̀ wọlé padà. Ọ̀gá Túnbọ̀sún fi ìwé bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Jẹ̀mílátù ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọ̀gá náà ní kí n máa sọ ọ̀rọ̀ mi, òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa páàdì tàdáwà súnmọ́ mi fún àtàǹpàkò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní kálámù. Ojú ewé méjì ni mo kọ. Mo kọ ọ́ pé mo mọ̀ pé fíìmù náà kì í ṣe tiwa, pé kò sí ọ̀gá kankan lẹ́yìn ọmọ mi, pé èmi ni mo ṣe ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú fíìmù náà, inú mi sì dùn nígbà tí mo ṣe é. N kò tọrọ àánú nínú rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i: Abdulkabir Bàrúwà.

Ó kà á dópin. Ó ní, “Ilé-ìwé wo lẹ lọ, Bàbá?”

“N kò lọ ilé-ìwé. Bébà ìròyìn ni ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ fi ń gé pátánì aṣọ. Bí mo bá gé e tán, mo máa ń kà á.”

Ó yí ìwé náà padà, ó tún un wò. Ó ní, “Àwọn tó lọ yunifásítì ń wá sọ́dọ̀ wa níbí, wọn ò kọ irú èyí.” Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo sì kọ ọ́ síhìn-ín bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí. Ó ní òun gbàgbọ́ pé kò sí ọ̀gá, nítorí náà ó di ọwọ́ obìnrin tí ó ni fíìmù tí ó mú ẹjọ́ wá. Bí ó bá ní kí a lọ sílé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ ni, àti èmi àti ọmọ.

Nínú ọkọ̀ ni Jẹ̀mílátù tó sọ pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ wá?”

Mo ní, “Ìwọ ni ó yẹ kí n bi pé kí ló dé tí o dákẹ́.”

Àlàrúbà, ọjọ́ kẹtàlá

Gbogbo Ìlaro ti gbọ́. Cornelius ní wọ́n ti gbọ́ ní Aiyetoro kí ọkọ̀ wa tó wọlé.

Àlàrúbà, ọjọ́ ogún

Obìnrin tí ó ni fíìmù náà wá. Ìbídàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Agosasa ni, kò sì ju ẹni ogójì ọdún lọ. Mo ti ro pé ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú ni yóò jẹ́. Ọkọ̀ èrò ni ó wọ̀ wá, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó lé, kò sì gba omi.

Ó ní, “Bàbá, ọdún méjì ni mo fi ṣe fíìmù yẹn. Oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi la ti yà á. Ẹ̀gbọ́n mi ló se oúnjẹ fún gbogbo òṣèré. Ọjọ́ kẹta tó jáde, mo wọ ọkọ̀ láti Ìdí-Ìrókò, ẹni tó jókòó tì mí ń wò ó lórí fóònù. Inú mi dùn. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a wò ó látìbẹ̀rẹ̀, kí n lè fi orúkọ mi hàn án.”

Ó gbọn eruku bàtà rẹ̀, ó ní:

“Ohùn yín ló jáde. Ẹ ní bí wọ́n bá gbà á níbòmíràn, ayédèrú ni. Èmi tí mo ni ín, èmi ni ẹ pè ní ayédèrú, Bàbá.”

Hùmúàní dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè jáde. Jẹ̀mílátù ti kúnlẹ̀. Mo ní, “Òótọ́ ni. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹwà ni. N kò ronú kan ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ẹ forí jì wá.”

“Ẹ máa ń rán aṣọ,” ó ní. “Ẹ mọ bó ṣe rí kí ẹlòmíràn pe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ní tirẹ̀.”

Mo mọ̀ ọ́n.

Ó pẹ́ kí ó tó sọ ohun tí ó fẹ́. Òun kò fẹ́ ẹ̀wọ̀n fún ẹnikẹ́ni. Kí Jẹ̀mílátù ti ojúlé náà pa, kí ó fi ibi tí ó ti ń rí àwọn fíìmù hàn àwọn agbófinró, kí ó gbàgbé àwọn kọ̀ǹpútà náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ti ojúlé náà, kí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ pé jíjí ni wọ́n jí fíìmù òun, kí wọ́n sì gbọ́ orúkọ ẹni tí ó ni ín. Bí ìyẹn kò bá wáyé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a pàdé ní ilé-ẹjọ́.

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, Bàbá. Ohùn tí wọ́n mọ̀ nìyẹn.”

Mo gbà. Nígbà tí ó dìde, Hùmúàní gbé omi wá lẹ́ẹ̀kejì, ó sì mu ún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Mo ti kà á sókè ní ìgbà mẹ́fà. Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Lukman ní kí n mu oyin, ó sì bá mi wá a. Ó ní òun kò rí ìdílé tí ó ya òmùgọ̀ tó èyí rí, ó wá ní òun yóò bá wa lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Yàrá Ọ̀gá Túnbọ̀sún kún. Ìbídàpọ̀ wà níbẹ̀, akọ̀wé ọjọ́sí wà níbẹ̀, Lukman àti Cornelius dúró ti ògiri. Wọ́n ti gbé fóònù ka orí tábìlì. Mo wọ jígí mi, mo ṣí ìwé mi.

Jẹ̀mílátù fi ọwọ́ bo ìwé náà.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Bàbá mi ti wá síbí, wọ́n ti sọ tiwọn. Èmi ni mo jí i kọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.”

Ọ̀gá Túnbọ̀sún wo Ìbídàpọ̀. Ìbídàpọ̀ wo ọmọ mi títí, ó sì mi orí pé òun gbà. Mo ti gbọ́ ohùn Jẹ̀mílátù láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun Jẹ̀mí, ti Ìlaro, ni òun jí fíìmù náà kọ, àti gbogbo èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó dárúkọ ẹni tí ó ni ín lẹ́ẹ̀mejì. Kò di ẹ̀bi náà ru ebi, kò dì í ru bọ́dà tí wọ́n tì. Ó sì tọrọ ìdáríjì.

Ìbídàpọ̀ ní, “Ó tó.” Ọ̀gá Túnbọ̀sún ní òun náà rò pé ó tó, ó fa ìwé tí wọn yóò fi pa ẹjọ́ náà dé súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo ní, “Kò tó. Ẹ dákun, kí ó tún un sọ.”

Cornelius ní, “Bàbá Jẹ̀mí! Wọ́n ní ó tó, ẹ ní kò tó? Ẹ̀yin gan-an wá di agbófinró?”

“Kí ló ṣẹ́kù, Bàbá?” ni Ọ̀gá Túnbọ̀sún wí.

“Orúkọ bàbá rẹ̀.”

Mo mọ ìdí tí ó fi fò ó. Ó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, “Bàbá, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá èèyàn ni o.”

“Mo mọ iye wọn.”

Wọ́n pa èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ rẹ́, wọ́n tún fóònù náà tẹ̀. Ọmọ mi jókòó dáadáa, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní:

“Èmi Jẹ̀mílátù Bàrúwà, ọmọ Abdulkabir Bàrúwà, télọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Ìlaro, ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀.”

Ó pe orúkọ náà ketekete. Gbogbo yàrá yíjú sí mi, n kò sì wo ilẹ̀.